Igun òkè Washington pupa

Washington pupa, sítáǹpù sẹ́ǹtì 2 ti Amẹ́ríkà, ló wà lábẹ́ awò mi báyìí. Ẹ fi ojú bàbá yẹn sílẹ̀. Onígun mẹ́ta kékeré tó wà ní igun òkè ni kẹ́ ẹ wò. Bí àwọn ìlà tó dábùú bá nípọn bákan náà nínú rẹ̀ àti lóde, oríṣi kìíní ni. Bí wọ́n bá tín-ín-rín nínú, ìkejì ni. Bí wọn ò bá gba orí ìlà méjì tó yí i ká kọjá, ìkẹta nìyẹn. Tèmi yìí, ìkẹta ni.

Ó wá ku ọdún. Ti 1894 kò ní àmì nínú bébà. Ti 1895 ní lẹ́tà USPS tó fara sin nínú bébà rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé sínú àwo dúdú, kẹ́ ẹ kán omi ìyẹ̀wò, èyí tó ń mú kí àmì inú bébà hàn, sí i (omi lásán á fọ gọ́ọ̀mù rẹ̀ dànù o!). Ẹyọ kan lè gbé ìkangun lẹ́tà kan péré, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹsẹ̀ P ló yọ nísàlẹ̀ èyí.