Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fún Ẹni Tó Ní COPD: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀: kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ pé èèyàn ní COPD, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín sìgá tàbí èéfín igi ìdáná sábà máa ń fà, tó sì ń dí ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló ń sọ ìyẹn. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ ni bí ara ṣe ń wú nínú, àti oògùn tó ṣeé ṣe kó bá onítọ̀hún mu.

Èyí tí owó rẹ̀ kì í ṣòfò ni eosinophil, ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Inú FBC lásán, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka oríṣi sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, ló wà, nínú ìgò ọlọ́mọrí elésè àlùkò. Bó bá tó 300 nínú máíkírólítà kan, tí àìsàn náà sì ń dìde lemọ́lemọ́, stẹ́rọ́ìdì tí à ń fà sínú sábà máa ń ṣàǹfààní. Bí kò bá tó 100, àǹfààní rẹ̀ kéré, ó sì lè fa òtútù àyà.

Ibí ni wọ́n ti ń ṣi èsì kà. Láàbù mìíràn kì í kọ iye, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ni wọ́n ń kọ. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun bá jẹ́ 6,000, 5% rẹ̀ jẹ́ 300. 5% yẹn kan náà nínú 3,400 jẹ́ 170. Sẹ́ẹ̀lì funfun ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú sì máa ń kéré láìsí àìsàn kankan. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó pinnu oògùn.

Aràn pẹ̀lú máa ń gbé eosinophil sókè. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ lásán rin oko, tí tiẹ̀ jẹ́ 800, ẹ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò ná: bí aràn strongyloides bá wà níbẹ̀, prednisolone, stẹ́rọ́ìdì tí à ń gbé mì, lè mú kó tàn ká gbogbo ara, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Prednisolone yìí kan náà máa ń já eosinophil wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹ fa ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fún un.

CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lọ sókè bí ara bá ń wú nínú, wúlò nígbà tí àìsàn bá dìde. Ìwádìí PACE tó jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe ní England àti Wales, fi í pinnu ẹni tó nílò oògùn apakòkòrò: bí CRP kò bá tó 20 miligíráàmù nínú lítà, aláìsàn kò sábà nílò rẹ̀, láti 20 sí 40, ó lè nílò rẹ̀ bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dà bí ọyún, bó bá ju 40 lọ, ó ṣeé ṣe kó nílò rẹ̀. Àwọn tó lo oògùn náà dín kù láti 77 sí 57 nínú ọgọ́rùn-ún, láìjẹ́ pé ara àwọn aláìsàn burú sí i. Ṣùgbọ́n ibà (malaria) pàápàá ń gbé CRP fò. Nílẹ̀ wa, ẹ yẹ ibà wò pẹ̀lú rẹ̀.

Fibrinogen, èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2015, fún yíyan àwọn tí wọ́n máa dán oògùn COPD wò lára wọn. Ìgò ọlọ́mọrí búlúù ló ń gbà, ẹ̀jẹ̀ ìdá 9 sí ìdá 1 citrate, omi inú ìgò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá kún dé ìlà, citrate á pọ̀ jù, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Kò tíì sí oògùn tí èsì yìí ń yí padà fún aláìsàn, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi owó ínhélà rẹ̀ ṣe é.