Ìlà Mẹ́fà Tí Aago Mi Kò Pa Mọ́

Aago tí mo fi ń ka eré àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní pápá ìṣeré Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, kò lè pa ju ìlà àkókò 100 mọ́ sínú. Ìgbàkígbà tí asáré kan bá kọjá tí mo sì tẹ bọ́tìnnì, ìlà kan ti lọ nìyẹn. Mo ti lo aago náà pẹ́ kí n tó fara balẹ̀ ṣírò ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ìlà 41 ti wà nínú aago láti Ọjọ́bọ̀, nítorí mo ti sọ fún ara mi pé màá dà á kọ sínú ìwé nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Àwọn ọmọ márùn-ún ni ó sá mítà 5,000 lọ́jọ́ náà. Yípo kan jẹ́ mítà 400, nítorí náà yípo méjìlá àti ààbọ̀ ni eré yìí. Òdìkejì pápá ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi kọjá lójú ìlà ìparí nígbà mẹ́tàlá. Ọmọ márùn-ún nígbà mẹ́tàlá jẹ́ 65. Ẹ ro ó mọ́ 41, 106 ni.

Àwọn aago kan máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ kí tuntun lè ráyè. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń ka àkókò lọ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ mọ́. Ìlà mẹ́fà ni ó bọ́, márùn-ún nínú wọn sì ni ìgbà tí àwọn ọmọ náà parí eré gan-an. Ti ẹni tó parí kẹ́yìn nìkan ni ó kù lójú aago. Ọmọbìnrin tó ṣe ipò kejì wá bá mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Kóòṣì, tèmi ńkọ́, sà?" N kò rí nǹkan kan sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ àkókò kì í ṣe kékeré fún asáré. Ní ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Atlanta ní ọdún 1996, ìṣẹ́jú àáyá 49.10 ni Fálílátù Ògúnkọ́yà fi gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú eré mítà 400, 49.28 ni ẹni tó ṣe ipò kẹrin sá a. Òótọ́ ni pé a kì í fi aago ọwọ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àní òfin ní kí a sún àkókò tí a fi ọwọ́ kà sókè, tí 64.31 yóò fi di 64.4. Síbẹ̀, òun ni ọmọ tó ń jí lójoojúmọ́ láti sáré fi ń mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀ síwájú.

Nísinsìnyí, a kì í kúrò ní pápá láìda ìlà inú aago kọ. Ẹnì kan á ka àpapọ̀ àkókò láti inú aago, èmi á kọ ọ́. Àpapọ̀ nìkan tó: bí ọmọ kan bá kọjá ní 1:12.40, tí ó tún kọjá ní 2:26.10, a mọ̀ pé 73.70 ni ó fi sá yípo náà. Orúkọ ni aago kò mọ̀ rárá, nítorí náà ẹlòmíràn máa ń dúró tì mí, tí yóò máa kọ orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá tẹ̀ léra. Iye ìlà inú ìwé gbọ́dọ̀ bá ti inú aago mu kí n tó tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé ti aago yìí kì í pa ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí a bá yọ bátìrì rẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀, nítorí iná bátìrì yẹn ni ó ń gbé ohun tó pa mọ́ ró.

Ìwé ọjọ́ Sátidé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan ní kí n fojú díwọ̀n iye tí ọmọbìnrin tó ṣe ipò kejì náà lè ti sá a, kí n sì kọ ọ́ sí i. N kò ṣe é. Iye méjìlá ló wà níwájú orúkọ rẹ̀, àyè kẹtàlá ṣófo.