Ibi Tí Gíríìlì Máa Dúró Lórí Ọkọ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi máa ń bi mí pé gíríìlì wo ló dáa jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sun ẹran àti ẹja lórí ọkọ̀, torí náà mi ò kọ̀ láti dáhùn, àmọ́ màá kọ́kọ́ bi wọ́n ní tèmi: níbo lẹ fẹ́ gbé e sí? Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí nǹkan sọ. Wọ́n ti wo oríṣiríṣi gíríìlì tán, wọn ò tíì wo ọkọ̀ wọn. Lórí ilẹ̀, ẹ lè ra gíríìlì délé kẹ́ ẹ tó máa wá igun tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Lórí omi, igun yẹn ló máa sọ bí gíríìlì ṣe máa tóbi tó, irú iná tó máa lò, àti bóyá ó tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ ní ọ̀kankan.

Ibi tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ìdí ọkọ̀, lórí irin tó yí ẹ̀yìn ká, kí gíríìlì yọ síta sórí omi. Tí ọkọ̀ bá ti ju ìdákọ̀ró, iwájú ẹ̀ ló máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́. Ohunkóhun tó bá wà nídìí ọkọ̀, ì báà jẹ́ èéfín, ooru tàbí iná tó ń ta pàrà, afẹ́fẹ́ á gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá wà ní èbúté, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Okùn ti so ó mọ́lẹ̀, kò lè bá afẹ́fẹ́ yí, èéfín lè wọ yàrá ọkọ̀ yín tàbí ti aládùúgbò. Mo ti rí i tí ẹyin iná kan fò kúrò nínú gíríìlì ọkọ̀ kan tó lọ balẹ̀ sórí tapólì ọkọ̀ kejì. Ihò tó lù ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àmọ́ etí ihò náà ṣì ń pọ́n, ó ń jẹ tapólì náà lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan tó da omi sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn ò sí nítòsí. Abájọ tí ọ̀pọ̀ èbúté fi ka iná èédú léèwọ̀, táwọn míì ò sì fẹ́ rí iná kankan rárá. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó ṣáná.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ibẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ wo òkè, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ wo ọ̀tún àti òsì. Ṣé tapólì tẹ́ ẹ ta nítorí oòrùn ò sún mọ́ ọn jù? Àsíá ńkọ́? Ìdí ọkọ̀ yìí náà làwọn èèyàn máa ń so ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń to kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí, abẹ́ ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ rọ́bà sì máa ń léfòó sí. Ọ̀rá gbígbóná kan péré tó bá kán sórí rọ́bà yẹn, ó ti tó. Ẹ fa ọkọ̀ rọ́bà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ tó dáná, kẹ́ ẹ sì gbé bẹntiróòlù kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn irin yẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀ jẹ́ milimítà 22 tàbí 25 ní fífẹ̀, ohun tó máa ń di gíríìlì mú sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Èyí tó bá fi díẹ̀ tóbi ju irin lọ á máa yí, ẹran yín á sì di ti ẹja. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbára lé e. Mi ò fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń ki bọ inú ihò ọ̀pá ìpẹja, àfi tó bá ní bóòtù tó ń dè é kó má yí.

Ní ti irin tí wọ́n fi ṣe gíríìlì fúnra ẹ̀, iyọ̀ omi òkun ò ṣojú àánú. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní irin tí kì í dípẹtà, àmọ́ wọ́n ju ara wọn lọ, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 316 ní èròjà kan tó ń jẹ́ molybdenum tó tó ìdá 2 sí 3 nínú 100, òun ló ń jẹ́ kó lè fara da iyọ̀ ju 304 lọ. Èyí tó rẹlẹ̀ jù, 430, òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn gan-an, torí náà mo máa ń mú òòfà kékeré dání tí mo bá ń lọ rà. Òòfà ò lè fìyàtọ̀ sáàárín 304 àti 316 ṣá o, ẹ ní láti ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Ẹ má sì wo ara tó ń dán nìkan. Bóòtù àti ibi tí ọmọrí ti ń ṣí ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan iná. Èmi fẹ́ràn adùn èédú, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ohun tó mú kí n fi í sílẹ̀ lórí ọkọ̀ kì í ṣe eérú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òfin èbúté. Ìdákọ̀ró lè já nílẹ̀ nígbàkigbà. Afẹ́fẹ́ lè yí lójijì. Tí ọkọ̀ bá ti ń sún lọ sórí àpáta, ẹni tó ń lo gáàsì á yí bọ́tìnnì kan, iná á kú, á sáré lọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń lo èédú ti ní wàhálà méjì lọ́wọ́. Èédú tó ti ràn á ṣì máa gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tẹ́ ẹ bá sì bu omi lù ú, oru àti eérú gbígbóná á bú sókè sí yín lójú. Kẹ́ ẹ de ọmọrí, kẹ́ ẹ dí gbogbo ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró tì í, ìyẹn ni ọ̀nà tó dáa jù láti pa á. A kì í sáà fi iná sórí òrùlé sùn.

Gíríìlì oníná mànàmáná dáa ní èbúté, níbi tí wáyà ti ń wá láti ilẹ̀. Iná 16 A lórí 230 V á fún yín ní 3,680 W, gíríìlì tó ń jẹ 1,500 W ò sì ní dà á láàmú, bẹ́ẹ̀ ẹ má tan ẹ̀rọ amómigbóná pa pọ̀ mọ́ ọn. Lójú agbami, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: 1,500 W láti ara bátìrì 12 V jẹ́ 125 A, ká má tíì ka èyí tí inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tá a ń lò nílé, máa jẹ. Bátìrì olómi 100 Ah, tí kò yẹ kẹ́ ẹ lò ju ìdajì ẹ̀ lọ, ò ní gbé e dé ìdajì wákàtí.

Gáàsì ló kù, òun lèmi ń lò, òun náà sì ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Propane àti butane ni oríṣi gáàsì tí mò ń sọ: propane wúwo tó afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po 1.5, butane sì wúwo tó afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po 2. Lórí ilẹ̀, gáàsì tó bá jò níta á wọ́ nílẹ̀ títí á fi fẹ́ lọ. Ẹ wá wo ọkọ̀: gbogbo iṣẹ́ ẹni tó kàn án ni pé kí nǹkan kan má lè gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọlé tàbí jáde. Bí gáàsì bá ti rọ̀ sínú ikùn ọkọ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Propane tó bá sì ti lé díẹ̀ ní ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti lè gbiná, ibẹ̀ yẹn náà ni bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde wà, tí wọ́n lè ta iná pẹ́rẹ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá tan ara wọn.

Torí ẹ̀, sílíńdà kì í wọ yàrá ọkọ̀ mi, ì báà jẹ́ èyí tó kún tàbí èyí tá a rò pé ó ti tán. Àwọn kékeré oní gíráàmù 454 yẹn, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wọ́n lára gíríìlì, ẹnu wọn lè má dé dáadáa mọ́, wọ́n á máa jò jẹ́jẹ́. Ẹ tọ́jú wọn síta, sínú àpótí tí ihò wà nídìí ẹ̀, tí gáàsì á lè gbà dà sórí omi. Ìlànà ẹgbẹ́ ABYC tí wọ́n ń lò fún kíkan ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé ihò yẹn ò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì íǹṣì, ibi tó yọ sí sì gbọ́dọ̀ jìnnà tó 20 íǹṣì sí ojú fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn tó wọ inú ọkọ̀. Sílíńdà tí wọ́n ṣe fún lílò ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má rọ gáàsì sí i padà.

Nígbà tí mo bá ń ra gíríìlì gáàsì, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó ń tà á ni pé: tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ iná pa, ṣé gáàsì á dá dúró fúnra ẹ̀? Èyí tó ní irú fáàfù bẹ́ẹ̀, ẹ máa ní láti tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó dúró. Àwọn kan máa ń kùn sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn. Lórí omi, afẹ́fẹ́ máa ń pa iná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, pàápàá tí ọmọrí bá wà ní dídé.

Bí mo ṣe ń tàn án nìyí. Màá po ọṣẹ mọ́ omi, màá fi kan gbogbo ibi tí rọ́bà gáàsì ti so mọ́ nǹkan, màá wá ṣí sílíńdà. Tó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Màá ti í, màá tún un dì. Tí kò bá hó, màá ṣí ọmọrí kí n tó ṣáná, torí gáàsì tó bá kó jọ sábẹ́ ọmọrí dídé á bú gbàù. Iná tó dáa máa ń búlúù. Tó bá ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ wo inú páìpù ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí aláǹtakùn ti takùn síbẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń ṣáná fúnra ẹ̀ kì í pẹ́ kú nínú iyọ̀, ẹ ní láítà ọlọ́rùn gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá parí, sílíńdà ni mo kọ́kọ́ máa ń tì, màá jẹ́ kí iná jó gáàsì tó kù nínú rọ́bà tán, kí n tó yí ti gíríìlì. Nílùú tó tutù, ẹ ra propane. Butane kì í yọ mọ́ tí òtútù bá ti wọ nǹkan bí òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Òjò ló ń dán èèyàn wò jù. Ẹran ti jinná dé ìdajì, òjò dé, ẹnì kan á ní ká sọ tapólì ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀, àbí ká kúkú gbé gíríìlì wọlé. Ẹ má ṣe é. Èédú àti gáàsì ń tú carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró kan, jáde, kò lóòrùn, kò ní àwọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, lórí omi sì rèé, gbogbo èèyàn á ní ìgbì ló ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á ní kí ẹni náà lọ sùn nínú yàrá. Ẹni tí èébì ń gbé nígbà tí iná ń jó, ìta ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ̀rọ tó ń ké tí carbon monoxide bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ wà ní yàrá tẹ́ ẹ ń sùn sí.

Agolo ìpaná yín kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn gíríìlì. Ibi tẹ́ ẹ ti lè mú un láìkọjá lára iná ni kó wà. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ sídìí ẹ̀: láti 2022 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kó èyí tí kò ṣeé rọ padà kúrò lórí ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 12. Tí ọ̀rá bá gbiná, omi kọ́ o! Ẹ de ọmọrí, ẹ ti gáàsì.

Sísùn ẹ̀ fúnra ẹ̀ ò le. Ẹ gé ọ̀rá tó bá pọ̀ lára ẹran kúrò láti ilẹ̀, irin ìsunran tó ní etí gíga ni kẹ́ ẹ rà kí ẹran má yọ̀ bọ́ sómi, kẹ́ ẹ sì fi okùn so ẹ̀mú yín mọ́ nǹkan. Ẹ wọ bàtà. Kí ẹnì kan máa wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, torí ìgbì tó bá dá sílẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn tó bá ti lọ tán. Afẹ́fẹ́ máa ń tan èèyàn jẹ: ara adìẹ á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú ẹ̀ á ṣì tutù. Tẹmómítà ni mo ń lò, 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún adìẹ, 71 fún ẹran lílọ̀, 63 fún ẹja.

Ẹ máa ha irin ẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Mi ò lo búrọ́ọ̀ṣì onírin mọ́, irun ẹ̀ máa ń já sára irin ìsunran, èèyàn lè gbé e mì mọ́ ẹran; pákó pẹlẹbẹ tó. Ọ̀rá inú àwo ìsàlẹ̀, inú agolo oní-ọmọrí ni kẹ́ ẹ dà á sí, kì í ṣe inú omi. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gíríìlì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó bò ó. Tẹ́ ẹ bá ń ra ìbòrí ẹ̀, ẹ ra èyí tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, kí ọ̀rinrin má bàa há síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti yọ sílíńdà kẹ́ ẹ tó dè é.