Ìṣó inú àpótí fíúsì: bí mo ṣe tún báṣé bàbá mi ṣe ní Kétu

Ìṣó ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò lára báṣé Peugeot 504, ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa. Inú àpótí fíúsì ni ó wà, ní ojú ibi tí fíúsì iná iwájú yẹ kí ó wà, ẹni tí ó fi í síbẹ̀ sì ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e kí ó lè fún mọ́ ojú ihò náà dáadáa. Iṣẹ́ fíúsì ni kí ó jó kí wáyà má baà jó. Ìṣó kì í jó ní tirẹ̀, nítorí náà nígbà tí mo tú pákó tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ ìdarí, mo bá wáyà mẹ́fà tí awọ ara wọn ti yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn bí àbẹ́là. Mo jókòó sí ẹnu ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa ní Kétu ti ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, mo gbé ìṣó náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì yé mi pé kí n tó lè tún ohunkóhun ṣe, mo ní láti kọ́kọ́ tú àtúnṣe tí àwọn mìíràn ti ṣe ṣáájú mi palẹ̀.

Fún àwọn tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, báṣé ni a ń pe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, orúkọ tí a mú láti ara ọ̀rọ̀ Faransé fún tapólì tí a ń fi bò ó. Ọdún 1979 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 504 irú yìí, ti bàbá mi sì jẹ́ ti ọdún 1986. Àlòkù ni ó rà á ní Kùtọnu ní ọdún 1991, ó sì fi kó iṣu, àgbàdo àti tòmátò láti oko wá sí Kétu, láti Kétu lọ sí Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), títí di ọdún 2009 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ tí kò dáhùn mọ́. Irin mẹ́rin tí ó tẹ̀ bí ọrun ni ó ru tapólì náà lókè, ọ̀kan nínú wọn sì ti wọ́ sí apá òsì láti ọjọ́ tí wọ́n di iṣu kọjá agbára rẹ̀. Ní ìgbà ọmọdé wa, bí a bá ti rí tapólì tí ó ṣẹ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú eruku pupa lókèèrè, a ti mọ̀ pé Bàbá ń bọ̀.

N kò sọ ọ̀rọ̀ ìṣó yìí láti bú àwọn mẹkáníìkì. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye sẹfà, owó tí à ń ná ní ilẹ̀ wa, kù sí ìdajì: fàráńkì Faransé kan tí a ń fi àádọ́ta sẹfà rà di ọgọ́rùn-ún sẹfà. Ohun èèlò ọkọ̀ tí ó ń ti ilẹ̀ Faransé wá di ọ̀wọ́n gógó láàárín ọjọ́ kan, owó iṣu kò sì lé sí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹrù tòmátò tí yóò bàjẹ́ bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́ kò lè dúró de fíúsì. Ìwé àkọsílẹ̀ tí bàbá mi ń kọ ìnáwó ọkọ̀ náà sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì hàn gbangba nínú rẹ̀ pé títí di ọdún 1993 ohun tí ó máa ń kọ ni "mo ra", ṣùgbọ́n láti ọdún 1994 lọ, "a dọ́gbọ́n sí i" ni ó pọ̀ jù.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 2022, gbogbo ẹni tí ó bá yà wò mí ni ó ń béèrè àwọ̀ tí n ó kùn ún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tilẹ̀ ti bá mi bá ẹni tí ń kun ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Mo dá a lóhùn pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, mo sì mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́, mo fà á kọjá lára ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mágínẹ́ẹ̀tì a máa lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ másítíìkì, ohun rírọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ fi ń dí ihò ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Ní abẹ́ ìlẹ̀kùn méjèèjì, ó já bọ́ sílẹ̀ bí èso tí ó pọ́n. Ní ibi tí páànù ilẹ̀ ọkọ̀ ti pàdé ògiri ẹ̀yìn, mo fi ṣìsẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ díẹ̀, ohun tí mo sì fà yọ ni másítíìkì tí ó nípọn bí ìka ọwọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ìròyìn tí wọ́n ká jọ, lẹ́yìn ìwé ìròyìn náà símẹ́ńtì. Símẹ́ńtì! Mo rẹ́rìn-ín títí tí àwọn ọmọ fi sáré jáde wá wò mí.

Ìdí tí ibẹ̀ fi jẹrà kò ju pé àwọn ihò tí omi yẹ kí ó máa gbà jáde lábẹ́ ìlẹ̀kùn ti dí fún ẹrẹ̀ pupa. Omi òjò gba ojú dígí wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ó dúró síbẹ̀, ìpáàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà láti inú wá síta. Ẹni tí ó bá fi másítíìkì bo ojú ìta kò ṣe ju pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà ni kí a gé e títí tí a ó fi kan irin tí ó funfun, kí a fi páànù tuntun jó o mọ́ ọn, kí a fọ́n ọ̀dà tí ń dènà ìpáàrà sí inú àti sí ìta, kí a sì tún ihò omi wọ̀nyẹn lu. Ajórin tí ó bá mi ṣe é jẹ́ àgbàlagbà. Kí ó tó dá iná sílẹ̀, ó ní kí n tú bátìrì, kí n sọ tánkì epo kalẹ̀ kí n sì gbé e jìnnà sí wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ta ọtí díẹ̀ sílẹ̀ fún Ògún. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti wí. Ìdajì ọjọ́ ni mo rò pé iṣẹ́ náà yóò gbà, ọjọ́ mọ́kànlá ni ó gbà wá.

Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí bí àṣìṣe kan ṣe ń bí òmíràn. Epo ẹ́ńjìnnì tí mo fà jáde nínú rẹ̀ rí bí ògì tí a ti da mílíìkì sí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé omi ti bá a pòpọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù 504, a kò gbẹ́ ilé písítìnì mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, irin ńlá tí ó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì. Irin roboto mẹ́rin ni ó dá dúró nínú rẹ̀, omi sì ń yí wọn ká. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀dọ̀ wa ń pè wọ́n ní ṣẹmíìsì, orúkọ kan náà tí Faransé ń pe ẹ̀wù, ó sì bá a mu, nítorí ẹ̀wù ni wọ́n lóòótọ́. Kulásì tí a fi dé wọn lórí ni ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ sórí òrùka tí ń dá omi dúró nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ti tú kulásì, a kò gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnnì náà rárá bí a kò bá tíì fi bóòlùtù àti wọ́ṣà dí ẹ̀wù wọ̀nyẹn mú, nítorí písítìnì yóò gbé wọn sókè, òrùka ìsàlẹ̀ yóò sì yẹ̀. A kì í tilẹ̀ gbé kulásì náà sókè tààrà; ńṣe ni a ń mì í sí ọ̀tún àti sí òsì títí tí yóò fi ya kúrò lára wọn.

Ẹni tí ó tú u ṣáájú mi kò mọ èyí, tàbí kí ó jẹ́ pé ó kánjú. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú un tú u? Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ilé tẹ́mọ́sítáàtì, ohun tí ń dá omi dúró títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, òfìfo ni mo bá. Ẹnìkan ti yọ ọ́ sọnù, nítorí ìgbàgbọ́ tí ó wọ́pọ̀ ní gbogbo agbègbè wa pé ilẹ̀ tí oòrùn ń mú kò nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mọ́sítáàtì kì í tètè gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ, epo bẹntiróòlù tí kò jó tán a sì máa fọ òróró kúrò lára ẹ̀wù písítìnì. Omi kànga lásán ni wọ́n tún ń dà sínú rédíétọ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ti jẹ kulásì náà, tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ihò omi méjì. Ibẹ̀ ni omi ti kọ́kọ́ jò. Wọ́n tú u nítorí jíjò náà, wọ́n sì fi títú rẹ̀ dá jíjò tí ó tóbi jù ú lọ sílẹ̀.

Mo gbé kulásì náà lọ sí Àjàṣẹ́, wọ́n jó ojú rẹ̀ tí ó jẹ, wọ́n sì rẹ́ ẹ tẹ́jú. Mo ra ẹ̀wù àti písítìnì tuntun pọ̀, mo fi rúlà irin tí ó tọ́ àti abẹ ìwọ̀n wò ó bóyá ojú ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, mo sì fi àyè fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré ẹnu ilé písítìnì, sí 0.10 mílímítà fún ti ìwọlé àti 0.25 fún ti ìjáde, ní òtútù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, mo sùn bí ọba.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ́ńjìnnì náà ń wú ikọ́ láti ẹnu kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pàdé atẹ́gùn, kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ti to wáyà búzì, tí ń tan iná sí epo, ní 1-3-4-2, ètò tí àwọn sílíńdà (ilé písítìnì) fi ń tan tẹ̀ léra, mo ti fi ojú kọ́ńtáàtì inú dẹ́lkò, tí ń pín iná fún àwọn búzì, sí 0.40 mílímítà, iná ń tàn, epo ń wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, mo pe bàbá àgbàlagbà kan ní Àjàṣẹ́ tí ó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ tún Peugeot ṣe. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí ó fi bi mí pé, "Ọmọ mi, apá ibo lo ti ń ka sílíńdà rẹ?" Mo ní láti ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni, sà. Ó rẹ́rìn-ín. Peugeot kì í ka ti rẹ̀ láti iwájú. Ẹ̀yìn, lápá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti so mọ́ ilé jíà, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó mú kí àṣìṣe yìí ṣòro láti rí ni pé bí a bá ka 1-3-4-2 láti òdìkejì, òun náà ni a óò tún bá. Ètò náà pé, ṣùgbọ́n gbogbo iná ń tàn nígbà tí fáàfù ṣí sílẹ̀, kì í ṣe nígbà tí atẹ́gùn fún pọ̀. Mo gbé wáyà ọ̀kan sí ipò mẹ́rin, mẹ́rin sí ipò ọ̀kan, méjì sí ipò mẹ́ta, mẹ́ta sí ipò méjì, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dáhùn. Ìyẹn nìkan ni àṣìṣe tí ó jẹ́ tèmi tìkára mi nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bàbá mi kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.

Ọ̀rọ̀ ohun èèlò kò le tó bí mo ti rò. Láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ kan ti ń to Peugeot ní Kàdúná ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ 504 ni wọ́n sì ṣe níbẹ̀, nítorí náà ohun tí kò sí ní Kùtọnu sábà máa ń wà ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Àbúrò mi tí ó ń gba Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ lọ sí Abẹ́òkúta ni mo máa ń rán. Ìṣòro wa ni orúkọ. Ohun tí à ń pè ní kulásì ní ìhín, tọ́ọ̀pù sílíńdà ni lọ́hùn-ún. Búzì wa ni pulọ́ọ̀gì wọn. Dẹ́lkò wa, ẹni tí ó wà ní Ládípọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá kan náà ni wọ́n fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n tí ó bá kan irin, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì a dìde láàárín wọn. Ìgbà tí ó mú ohun tí a kò béèrè bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògbólógbòó rẹ̀ gan-an, tí a dì sínú ọ̀rá.

Bíréèkì kò gba àkókò. Mo pa gbogbo ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ dà, nítorí inú wọn ti wú débi pé òróró bíréèkì ń wọlé ṣùgbọ́n kì í fẹ́ padà, èyí tí ó ń mú kí táyà iwájú ọ̀tún máa gbóná láìsí ẹni tí ó tẹ nǹkan kan. Tánkì epo ni mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹ̀wọ̀n kékeré sí nínú, tí àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ń yí i kiri àgbàlá bí ẹni ń ṣeré títí tí ìpáàrà inú rẹ̀ fi bọ́. Kpayo, epo bẹntiróòlù tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kì í mọ́ nígbà gbogbo, nítorí náà mo fi asẹ́ oníke funfun sí ẹnu ọ̀nà kabúrétọ̀, kí ojú mi lè máa rí ohun tí ń kọjá.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo wà á lọ sí Pọ́bẹ̀ mo sì wà á bọ̀, pẹ̀lú àpò àgbàdo mẹ́jọ lẹ́yìn. Nígbà tí ó tutù, mo tún bóòlùtù kulásì rẹ̀ dì, mo wo epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó dúdú, kò sí funfun níbẹ̀. Ó ku tapólì. Ẹni tí yóò bá mi rán an wá sí ilé ní ọjọ́ Sátidé láti wọ̀n ọ́n, ó fi okùn wọn irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọn èyí tí ó wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní bí ẹ bá lè pe ajórin kí ó tọ́ ọ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, tapólì yóò sì dúró gbọnrangandan. Mo wo irin náà fún ìgbà díẹ̀. Mo ní kí ó rán an bẹ́ẹ̀.