Ọdún tí iná fi kọ́ wa níṣẹ́: àyẹ̀wò 2025 lórí irinṣẹ́ ìmúdójúìwọ̀n wa

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ̀ yìí, mo jókòó nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa ní agbègbè Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ṣí ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ kan bá dákú lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ka ohun tí mo ti kọ sínú rẹ̀ láti oṣù Ṣẹẹrẹ. Mo ti rò pé àwọn nǹkan tuntun tí a fi kún irinṣẹ́ wa ni yóò gba ojú ìwé jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ojú ewé kìíní dé ìgbẹ̀yìn, gbólóhùn méjì kan ni mo ń tún kọ ṣáá: iná lọ, iná dé.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí irinṣẹ́ náà jẹ́ fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀. Debian ni ètò ìṣiṣẹ́ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà méjìlélógún tí a ní. Ètò ọ̀fẹ́ ni, 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ènìyàn káàkiri ayé ni wọ́n jọ ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni sì lè ka kóòdù rẹ̀ kí ó tún un ṣe. Nínú rẹ̀, dpkg ni ó ń tú ẹrù tuntun, ìyẹn ètò tí a dì sínú fáìlì kan, sínú ẹ̀rọ. APT, tí wọ́n ti ń kọ láti 1998, ni ó ń lọ wá ẹrù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ń yẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò, tí ó sì ń pinnu èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé. Tiwa kò ju ètò kékeré kan lọ tí ó jókòó lé APT lórí, tí ó ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí APT ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi. Èmi àti àbúrò mi kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH ni a jọ ń kọ ọ́, àwọn méjì kan ní ìlú Ọ̀yọ́ sì ń bá wa dán an wò. Ó ti lé ní ọdún méjì tí a ti bí i, a kò sì tíì sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ènìyàn ni, ẹbí ìbá ti pè wá jókòó.

Oṣù Ẹrẹ̀nà ni ọ̀ràn náà kọ́kọ́ le. Iná ti wà láti òwúrọ̀, mo sì gbójú lé e, mo ní kí ẹ̀rọ mẹ́fà gba kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun, èyí tí í ṣe ọkàn ètò ìṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Iná lọ nígbà tí iṣẹ́ dé àárín. Àwọn láptọ́ọ̀pù mẹ́ta kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ orí tábìlì kò lè gbéra mọ́ nígbà tí iná padà dé. Ẹni tí ó kọ dpkg kò jẹ̀bi. Bí ó bá ń tú fáìlì kan, orúkọ tí ó parí sí .dpkg-new ni ó máa ń kọ́kọ́ fún un, ìgbà tí ó bá pé tán ni yóò tó fi orúkọ gidi rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, débi pé o kò ní bá ààbọ̀ fáìlì lórí ìjókòó odidi. Lẹ́yìn títú ni wàhálà wà, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣètò ohun tí ó tú, pàápàá nígbà tí ó ń kọ́ initramfs tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì fi ń jí. Lórí ẹ̀rọ àgbàlagbà bíi tiwa, iṣẹ́ yẹn máa ń pẹ́. Debian máa ń fi kẹ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sílẹ̀, nítorí náà a yan ti àtijọ́ lójú GRUB, ibi tí a ti ń yan kẹ́nẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ yóò fi jí, a sì ní kí dpkg parí ohun tí ó kù pẹ̀lú àṣẹ dpkg --configure -a. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà, tí yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí ogún ìṣẹ́jú náà tó pé.

Inú oṣù Igbe ni mo tó ka unattended-upgrades kínníkínní, èyí tí Debian fi ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ OnlyOnACPower. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ètò náà má ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹ̀rọ bá ń mu iná láti ara ògiri, kí ó sì rọra dáwọ́ dúró bí ó bá bọ́ sórí bátìrì. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ rò ó dáadáa: níbi tí iná kì í ti í ṣeré, bátìrì ni ó lè tán lójú ẹni, ara ògiri ni ààbò wà. Ẹ wá gbé èrò kan náà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹ wò ó. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún dé àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, tí iná sì ti lọ, ni ọkàn mi balẹ̀ lé jù nínú yàrá yìí, nítorí mo mọ bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe gùn tó. Ẹ̀rọ orí tábìlì tí ó so mọ́ ògiri ni mo ń bẹ̀rù, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí iná yóò lọ, bóyá àwọn oníná gan-an kò mọ̀. Ètò náà wá ń sá kúrò níbi tí ààbò wà, ó ń sáré lọ síbi tí ewu wà. APT fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n mìíràn: bí ó bá ti ń tú ẹrù, ó máa ń bẹ systemd, ètò tí ń darí títan àti pípa ẹ̀rọ, pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀rọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọgbọ́n náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa bẹ oníná?

Iṣẹ́ oṣù Ẹ̀bìbí àti Òkúdù jáde láti inú ìbéèrè yẹn. Irinṣẹ́ wa kò bi ẹ̀rọ léèrè mọ́ bóyá ó so mọ́ ògiri. Iye tí ó kù nínú bátìrì ni ó ń kà, nínú fáìlì tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì ń kọ ọ́ sí lábẹ́ /sys/class/power_supply, bí iye náà bá sì dín ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní tú ẹrù kankan. Gbígba ẹrù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àkókò kan pàtó, nítorí APT máa ń tọ́jú ẹrù tí kò tíì dé tán sínú àpò tí ń jẹ́ partial, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa bá a lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Títú rẹ̀ nìkan ni a ń ṣọ́. Ní ti àwọn ẹ̀rọ orí tábìlì, ọjọ́ Sátidé ni tiwọn, nígbà tí ínfátà aládùúgbò wa bá ti kún, mẹ́ta mẹ́ta ni a sì ń ṣe wọ́n. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pe èyí ní kóòdù mọ́, èésú ni.” N kò rí èsì fún un.

Bí ẹ̀rọ bá tún jí lẹ́yìn tí iná ti pa á, ohun àkọ́kọ́ tí irinṣẹ́ náà ń ṣe ni pé ó ń fi dpkg --audit wádìí bóyá iṣẹ́ kan wà tí kò parí, yóò sì parí rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó wọlé. Èyí náà já wa kulẹ̀ ní oṣù Agẹmọ. Bí a bá ti tún fáìlì tí ètò kan fi ń mọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ ṣe, tí ẹrù tuntun sì gbé ẹ̀dà tirẹ̀ wá, dpkg máa ń béèrè èwo ni kí òun lò. Ẹ̀rọ kan sì dúró láti òwúrọ̀ Mọ́ńdè títí di ọ̀sán, ó ń bi yàrá òfìfo ní ìbéèrè. A ti wá pàṣẹ fún un pé kí ó máa lo ti àtijọ́, kí ó tọ́jú tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ọ̀yọ́ kò fara mọ́ ọn, ó ní fáìlì àtijọ́ lè di ìlẹ̀kùn tí olè ń gbà wọlé. Òótọ́ ni ó sọ, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí.

Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá gbogbo èyí ń ṣiṣẹ́ ju kí a fọwọ́ ara wa pa iná lọ. Láàárín oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ sí oṣù Bélú, ogójì ìgbà ni a yọ wáyà ẹ̀rọ kan kúrò lára ògiri nígbà tí ó ń tú ẹrù lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì, tí ó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wò wá títí ó sú u, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ̀rọ yìí mọ́, ẹ gbé e fún àwọn ọmọ mi.” Nínú ogójì yẹn, ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ ṣe ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, a fọwọ́ tún un ṣe ní ìgbà márùn-ún, ìgbà méjì ni a ní láti fi ètò ìṣiṣẹ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan lórí méjì yẹn, nítorí mo rò pé àṣìṣe wa ni. Díìsìkì ni. Bí dpkg bá ti kọ nǹkan, ó máa ń dúró kí díìsìkì jẹ́rìí pé ó ti wọlé lóòótọ́. Àwọn díìsìkì olówó pọ́ọ́kú kan sì wà tí wọ́n ń jẹ́rìí nígbà tí ohun tí a fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí wọn kò tíì gbé e sí àyè rẹ̀. Kò sí kóòdù tí mo lè kọ láti fi mú ẹlẹ́rìí èké.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a yẹ̀ wò tí a sì fi sílẹ̀, èyí tí Android ń lò láti 2016 lórí ọ̀pọ̀ fóònù: a ó pín díìsìkì sí yàrá méjì, a ó máa gbé inú ọ̀kan nígbà tí a ń tún èkejì ṣe, bí àtúnṣe bá sì bàjẹ́, a kò ní ṣí kúrò níbi tí a wà. Ìgbà tí iná bá lọ kò ní já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n díìsìkì tí ó wà lórí púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wa kò gba yàrá kan dáadáa, ká má tíì sọ méjì.

Debian 13 jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ògún, pẹ̀lú APT 3.0 tí ó ti jáde ní oṣù Igbe. APT tuntun náà ń fi àwọ̀ ewé kọ ohun tí ó ń bọ̀, ó ń fi pupa kọ ohun tí yóò yọ, ó sì ń fi èyí tí yóò yọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí ojú tó lè bá a kí o tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó panilẹ́rìn-ín ni pé APT 2.6 ti àtijọ́ ni ó ń kó ẹni láti Debian 12 lọ sí 13, nítorí náà ọjọ́ tí a nílò àwọ̀ náà jù ni a kò rí i. Ìlànà kíka àkókò ti yí padà kí àwọn ẹ̀rọ má baà ṣìnà ní ọdún 2038, ọ̀pọ̀ ẹrù sì ti yí orúkọ padà nítorí rẹ̀: libssl3, ẹrù tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń dáàbò bo ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, di libssl3t64, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn lọ rẹrẹẹrẹ. Àbúrò mi rí i pé wọ́n fẹ́ yọ libssl3, ó ké sí mi, ó sì dá iṣẹ́ dúró. Ó ṣe ohun tí ó tọ́, n kò bá a wí. Márùn-ún nínú ẹ̀rọ wa ni kò lè tẹ̀lé wa rárá, nítorí Debian 13 kò ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì fún ẹ̀rọ àtijọ́ 32-bit irú tiwọn mọ́. Wọ́n ṣì wà lórí 12, a kò sì tíì pinnu ohun tí a ó fi wọ́n ṣe.

Ohun kan ṣoṣo tí mo kà fún ìgbádùn ara mi lọ́dún yìí ni ọ̀nà tuntun tí APT fi ń pinnu ẹrù tí yóò wọlé, èyí tí a lè fi --solver 3.0 pè. Ó dà bí ẹni tí ó ń pín ìjókòó níbi ìgbéyàwó. Gbọ̀ngàn òfìfo ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí olóòde fi ẹnu ara rẹ̀ pè ni ó ń kọ́kọ́ mú jókòó, lẹ́yìn náà ni ó ń mú àwọn tí wọn kò lè ṣe aláìbá wọn wá. Bí àlejò kan bá lè jókòó níbi méjì, kì í yára pinnu, ó ń fi í sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Bí ó bá sì rí i pé ìjókòó tí òun pín kò lè bá ti ẹlòmíràn mu, ó ń padà sẹ́yìn láti tún un pín.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ APT sí Yorùbá ni ibi tí mo ti jẹ gbèsè. Gbólóhùn mẹ́tàlélógóje ni mo ti ṣe, n kò sì tíì fi ọ̀kan ránṣẹ́. Mo fi “ẹrù” pe ohun tí APT ń gbé, lẹ́yìn tí mo ti gbìyànjú “àpò”, nítorí ẹrù ni à ń dì, òun náà ni à ń tú. Ohun tí ó dá mi dúró ni àmì ohùn. Kò sí àyè kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́tà kan ni, pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e lórí. Lórí ojú dúdú lásán tí a fi ń tún ẹ̀rọ ṣe, àmì náà máa ń di àpótí òfìfo. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ yóò ti kà á. N kò fẹ́ kọ Yorùbá láìsí àmì, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí ìdààmú bá máa ka àpótí.

Ní òpin oṣù Ọ̀wàrà, Julian Andres Klode, ọ̀kan lára àwọn tí ń bójú tó APT, kéde pé APT yóò máa lo kóòdù tí a fi Rust, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù, kọ, pé kò sì ní ṣáájú oṣù Ẹ̀bìbí 2026, àti pé kò sí ẹ̀rọ tí yóò lè kọ́ APT láìní Rust mọ́. Ìpinnu náà kò kan ẹ̀rọ wa kankan. Mo fara mọ́ ọn, àbúrò mi sì ti ń kọ́ Rust, ó ń fi ń yọ mí lẹ́nu.

Lẹ́tà kan wà tí mo ti kọ lẹ́ẹ̀mẹta sí àwọn tí ó ni unattended-upgrades nípa OnlyOnACPower, tí mo sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí bí mo bá ti kà á tán, ẹjọ́ oníná ni mo ń rò fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àbúrò mi ti gbà láti kọ ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà ogójì ìgbà yẹn nìkan. Ó fẹ́ kí a kọ́kọ́ fi díìsìkì tuntun sínú ẹ̀rọ náà, kí a sì máa bá ìdánwò náà lọ láti orí ìkọkànlélógójì. A ti fi sí i ní ìrọ̀lẹ́ àná, Ìyá Ìbejì sì ti ní òun ni yóò yọ wáyà lọ́tẹ̀ yìí.