Dashilan: ohun tí ìrajà ní òpópónà àtijọ́ kan ní Beijing kọ́ mi

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Qianmen, ní àárín gbùngbùn Beijing, títì ńlá tí ẹ máa kọ́kọ́ rí á wù yín: ilé aláràbarà lọ́tùn-ún lósì, tírámù ń rọra lọ láàárín, gbogbo ayé ń ya fọ́tò. Ẹ wò ó tẹ́rùn, àmọ́ ẹ má tíì tọwọ́ bọ àpò. Ọdún 2008, nígbà tí Òlíńpíìkì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n tún títì yẹn ṣe, ọ̀pọ̀ ohun tó jọ ti àtijọ́ níbẹ̀ ni kò tíì gbó. Bí ẹ bá kọjú sí gúúsù, ọ̀nà tóóró kan wà lápá ọ̀tún, Dashilan lorúkọ rẹ̀. Kò gùn tó 300 mítà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà sí.

Nígbà ìjọba àwọn Qing, ìdílé ọba tó jẹ kẹ́yìn ní China, wọ́n máa ń fi ilẹ̀kùn onígi ti ẹnu irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lálẹ́ nítorí olè. Olè kúkú máa rí nǹkan kó. Àwọn ará Beijing ayé ọjọ́un ní bí wọ́n ṣe ń júwe ẹni tó lówó lọ́wọ́: fìlà Majuyuan lórí, aṣọ àwọn Xiang mẹ́jọ (ilé aṣọ mẹ́jọ tí Xiang wà nínú orúkọ wọn) lọ́rùn, bàtà Neiliansheng lẹ́sẹ̀, owó àwọn báńkì Heng mẹ́rin ní ìbàdí. Àwọn báńkì náà ti wọlẹ̀ tipẹ́. Fìlà, aṣọ àti bàtà ṣì wà, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sì máa ń fi ṣe atọ́nà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n mú òun lọ.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ẹnu ìnájà sílẹ̀ níta. Inú ìsọ̀ aṣọ ìyá mi ní Gbági ni mo dàgbà sí, kò sí ọjà tí mi ò lè ná. Àmọ́ nínú àwọn ilé ìtajà àgbà wọ̀nyí, iye tí wọ́n kọ sára ọjà ni wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n mú un wá sí ìdajì, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ wá àmì yìí lára ògiri tàbí lójú ilẹ̀kùn: 中华老字号. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ló ń fún àwọn ilé ìtajà tó ti pẹ́. Àwọn ìsọ̀ kéékèèké tó há sáàárín wọn, tó ń ta abẹ̀bẹ̀ àti ohun ìrántí fún àlejò, ìyẹn yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹ ná an dáadáa, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni.

Ruifuxiang wà lára àwọn Xiang mẹ́jọ. Ìdílé Meng láti Shandong ló ni ín, ọdún 1893 ni wọ́n sì ṣí ti Dashilan. Ní 1900, lásìkò rògbòdìyàn àwọn Boxer, àwọn ará China tó dìde sí àwọn òyìnbó, iná jó àdúgbò náà, ìwé gbèsè jóná mọ́ ọjà. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọlọ́jà náà kéde pé gbogbo ohun tí òun jẹ ẹlòmíràn lòun máa san, gbogbo ohun tí ẹlòmíràn sì jẹ òun, ó ti tán síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ta àwìn rí ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ẹ dúró wo ojú ilé náà kẹ́ ẹ tó wọlé, torí lẹ́yìn iná yẹn ni wọ́n kọ́ ọ.

Ní ti ṣẹ́dà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹ má gba ojú gbọ́. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ojúlówó sányán rí ti ní ẹ̀kọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, torí ara kòkòrò ni òwú méjèèjì ti wá. Bí wọ́n bá gé aṣọ fún yín, ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, kẹ́ ẹ sun ún níta. Ṣẹ́dà máa ń rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Èyí tó bá yọ́, tó dì kókó, rọ́bà ni.

Ìdí bàtà ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Ọdún 1853 ni Neiliansheng bẹ̀rẹ̀, bàtà àwọn ìjòyè ààfin ni wọ́n ń ṣe. Ọgbọ́n Zhao Ting tó dá a sílẹ̀ wù mí gan-an: ó ní ìwé kan tó ń kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ àwọn ìjòyè sí, àti irú bàtà tí kálukú fẹ́ràn. Ẹni tó bá ń wá ojúure ọ̀gá rẹ̀ kò ní láti wá ọgbọ́n fi wọn ẹsẹ̀ ọ̀gá; ó kàn máa dárúkọ ẹni náà ni, wọ́n á ṣe bàtà tó bá a mu rẹ́gí. Ẹ̀bùn fún ọ̀gá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dojú bàtà náà délẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ìpele lórí ìpele, wọ́n á wá fi okùn líle rán an lọ́wọ́. Ìlànà wọn ni pé níbi tí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ lóròó àti níbùú, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé ju ìgbà 81 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi òòlù lù ú kó lè tẹ́. Èyí tó ní rọ́bà nísàlẹ̀ wà lórí àtẹ kan náà, owó rẹ̀ kò sì tó ti ọlọ́wọ́, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ohun tí ẹ sanwó fún lẹ gbà. Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín ní mìlímítà látilé, torí 255 tàbí 260 ni ẹ lè bá lára bàtà. Kó fún yín díẹ̀, aṣọ máa fẹ̀ sí i tó bá yá. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ sínú òjò.

Tongrentang, ilé oògùn tó ti wà láti 1669, tó sì ń kó oògùn fún ààfin láti 1723, kò jìnnà síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, òórùn gbòǹgbò àti èèpo igi á kí yín bí ti ìsọ̀ lẹ́kuléja. Ẹ wò ó, ẹ gbóòórùn, kẹ́ ẹ jáde. Oògùn tí dókítà kò júwe fún yín kì í ṣe ohun tí à ń rà fún ẹbí lẹ́bùn, àwọn kan sì ní ẹ̀yà ara ẹranko nínú tí kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Tíì ni kẹ́ ẹ rà fún wọn. Ilé ìtajà tíì Zhang Yiyuan gbajúmọ̀ fún tíì olódòdó jásímínì: òru ni òdòdó náà ń là, nítorí náà wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ewé tíì mọ́jú, wọ́n á ṣà á kúrò, wọ́n á tún da òmíràn sí i. Òórùn ló ń kù sínú ewé, nítorí náà òdòdó tó pọ̀ nínú tíì kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dáa. Ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n. 斤 ni ìdajì kílò, 两 sì ni gíráàmù 50, mẹ́wàá rẹ̀ ló wà nínú 斤 kan. Bí wọ́n bá kọ yuan 400 sí 斤 kan, 两 méjì á jẹ́ 80. Ẹ nàka sí èyí tí ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì wojú òṣùwọ̀n títí wọ́n á fi dì í. Alipay lórí fóònù ló yá jù láti fi sanwó, àmọ́ ẹ mú yuan díẹ̀ dání. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì yẹra fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù October. Ìsinmi orílẹ̀-èdè ni, ẹ ò ní ráyè yí ọrùn.