Audrey Hepburn, bàtà ẹ̀, àti ojú ẹ̀

Sátidé lónìí, mi ò jáde síbì kankan. Fíìmù Roman Holiday ni mo jókòó tì, ti ọdún 1953, aláwọ̀ dúdú àti funfun yẹn, bó sì ṣe parí báyìí ni mo tún dá a padà síbẹ̀rẹ̀ torí ibì kan tó máa ń wù mí wò ṣáá.

Ẹ jẹ́ n ròyìn ibẹ̀ fún yín. Ọmọ ọba ni Audrey Hepburn nínú fíìmù náà, ó wọ aṣọ gígùn tó balẹ̀ jánlẹ̀, adé wà lórí ẹ̀, àwọn èèyàn ńláńlá ń tò wá kí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, ó ń dá kálukú lóhùn bó ṣe yẹ. Àfi bí kámẹ́rà ṣe yọ́ wọ abẹ́ aṣọ, la bá rí i pé ẹsẹ̀ ti sú u, ó ti yọ ọ̀kan kúrò nínú bàtà, ó ń fi ra èkejì, ni bàtà bá ṣubú, kò sì rí i wọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ń táràrà wá bàtà kiri nísàlẹ̀, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀ lókè. Bẹ́ ẹ bá wo ojú ẹ̀ dáadáa ẹ ó rí i pé ọkàn ẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ bàtà, àmọ́ ẹni tó ń kí i níwájú ò lè fura láéláé. Àní ẹ ò rí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń sọ nǹkan méjì fún wa láìla ẹnu!

Èmi ò rò pé iṣẹ́ eré nìkan nìyẹn. Ijó ballet ló kọ́kọ́ kọ́, oníjó ballet kì í sì í jẹ́ kójú sọ ohun tẹ́sẹ̀ ń rí. Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1929, Holland ló wà nígbà ogun, nígbà òtútù ọdún 1944 wọ 1945 àwọn Jámánì dínà oúnjẹ, ebi pa àwọn ará ibẹ̀ débi pé gbòǹgbò òdòdó tulip di nǹkan jíjẹ. Nígbà tó wá dé London lẹ́yìn ogun, Marie Rambert tó ń kọ́ ọ níjó sọ fún un pé kò lè di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníjó, ó ga jù, ebi ogun sì ti ba ara jẹ́. Ó dùn mí bí mo ṣe ń rántí ẹ̀, ká ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá, a ò bá má rí i lójú sinimá.

Bó ṣe rí iṣẹ́ Roman Holiday yẹn náà rèé: wọ́n ní kó wá ṣe ìdánwò iwájú kámẹ́rà, wọ́n parí ẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ fún ẹni tó ń ya fíìmù tẹ́lẹ̀ pé kó má pa kámẹ́rà. Ó rò pé ó ti tán, ló bá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń béèrè bóyá òun ṣe dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyẹn. Gregory Peck tí wọ́n jọ ṣe fíìmù náà, tó jẹ́ ìràwọ̀ nígbà náà, sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé orúkọ ọmọbìnrin yìí sókè pẹ̀lú tòun, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sì sọ torí ọmọ ọdún 24 péré ni nígbà tó gba Oscar.

Fótò tí gbogbo ayé wá mọ̀ ni ti Breakfast at Tiffany's, 1961, aṣọ dúdú tí Givenchy, aránṣọ ọmọ Faransé, rán, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, irun tí wọ́n dì sókè. Ó wà lára ife, lára báàgì, lára ògiri, ọ̀pọ̀ tó gbé e kọ́ ò sì tíì wo fíìmù náà rí. Wọ́n ta ọ̀kan nínú aṣọ yẹn ní gbànjo ní London lọ́dún 2006, £467,200, owó náà sì lọ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní ní Íńdíà. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju aṣọ lọ. Mi ò kórìíra fótò náà o, ó rẹwà, àmọ́ ó ti dúró sójú kan, ojú ẹ̀ kì í sì í ṣe ojú tó yẹ kó dúró sójú kan.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ gbé fótò kọ́, ti ọdún 1992 ni mo máa mú, ti Sòmálíà, tó ti dàgbà, tí irun ẹ̀ wà ní dídì láìṣe ẹ̀ṣọ́, tó gbé ọmọ mọ́ra. UNICEF, àjọ tó ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ kárí ayé, ló ń ṣiṣẹ́ fún láti 1988, Etiópíà ló kọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń sọ pé òun náà jẹ oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ogun. Kò pẹ́ tó dé láti Sòmálíà tó fi kú, ní January 1993, ẹni ọdún 63.

Ó máa ń bí mi nínú táwọn kan bá ní aṣọ ló gbé e dé ibi tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi fótò aṣọ dúdú yẹn ṣe DP náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mo sì ti ní kó wá lọ́la ká jọ wo The Nun's Story, 1959, tí wọ́n ya apá kan ẹ̀ ní Kóńgò. Sísítà ìjọ Àgùdà ló ṣe níbẹ̀, wọ́n gé irun ẹ̀, wọ́n fi aṣọ bo gbogbo ara ẹ̀ àfi ojú nìkan, kó wá sọ fún mi tá a bá wò ó tán pé aṣọ ni.